Ògiri Ló Lanu: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága àti Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Onílé Àdúgbò Wa

Ẹ̀yin Alága wa, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kì í gbowó fún iṣẹ́ àdúgbò tí ẹ gbà ṣe yìí, mo sì mọ̀ pé ẹnu tó ń ráhùn sí yín pọ̀ ju ẹnu tó ń dúpẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí mo lè máa wá sọ sí yín létí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí yín lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, èyí tí iṣẹ́ ti dá dúró nínú rẹ̀ láti oṣù méje sẹ́yìn. Ẹ kò fèsì. Ohun tó jáde lẹ́yìn ìpàdé yín tó kọjá ni ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ géètì kọ̀ọ̀kan, pé ọmọ tí ọwọ́ bá tẹ̀ nínú ilé náà, òbí rẹ̀ yóò san owó ìtanràn. Bí ọwọ́ bá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń wá ibi tí ẹ ti dárúkọ onílé, mi ò rí i. Mo wá ibi tí ẹ ti mẹ́nu kan agbaṣẹ́ṣe tó tú ilẹ̀kùn sílẹ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ, kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí ní gbangba, kí gbogbo àdúgbò lè bá yín kà á.

1. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí mo gbọ́ pé ohun tí wọ́n wá sọ fún yín ni pé àwọn ọmọ ti sọ ilé náà di ibùba.

Ọjọ́ Sátidé ni, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà. Bọ́ọ̀lù gba ojú fèrèsé kan tí wọ́n ti yọ férémù rẹ̀, ó bọ́ sínú ilé náà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bá ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé láti lọ mú un. Kò fo ògiri, kò já kọ́kọ́rọ́. Kò sí ilẹ̀kùn tó fẹ́ ṣí. Ó gbẹ́sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó sì tẹ ọ̀kan nínú àwọn páńkó tí wọ́n fi da kọnkéré, tí ìṣó rẹ̀ kọjú sókè lábẹ́ eruku sìmẹ́ńtì. Ìṣó náà gba ìsàlẹ̀ sálúbàtà rẹ̀ wọlé, ó yọ lókè ẹsẹ̀, láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ó ti jókòó sílẹ̀. Páńkó náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ. Kò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, “Mọ́mì, ẹ má bínú, bọ́ọ̀lù ni mo wá mú.”

Ibi tí mo ti ń ronú bí mo ṣe máa gbé e ni mo ti gbọ́ ìró nǹkan lókè. Àtẹ̀gùn ilé náà wà láàárín pálọ̀. Wọ́n ti gé irin tí èèyàn ń fọwọ́ dì mú kúrò lára rẹ̀ pátápátá, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo gbójú sókè, mo rí ẹsẹ̀ kékeré méjì tó ń fì ní etí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ aládùúgbò wa ni, ọmọbìnrin tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Ó ti tẹ̀ lé àwọn tó jù ú lọ wọlé, àwọn yẹn ti jáde, òun ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Mi ò pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá pè é, á yíjú padà lójijì. Mo ní kí ọmọ mi má mira. Mo fẹ̀gbẹ́ kan ògiri, mo ń gun àtẹ̀gùn náà níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dókè, mo jókòó sílẹ̀, mo ń fi ìdí wọ́ títí mo fi dé ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú. Ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ sùn, ẹ̀rín yẹn ni mo ń rí.

Alága wa, bí a bá tẹ̀ lé ìwé yín, ẹni mẹ́ta ló wà nínú ilé onílé láìgbàṣẹ nígbà yẹn: ọmọ mi, ọmọ aládùúgbò mi, àti èmi tí mo lọ gbé wọn jáde.

2. Mi ò gbèjà wíwọ ilé onílé. Ilé ẹni ni ilé ẹni, ìbáà má ní òrùlé. Mo ti bá ọmọ mi sọ ọ́, mo sì ti sọ fún un pé bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá tún wọ ibi tí kì í ṣe tiwa, kó wá pe àgbàlagbà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi lẹ́tà yìí sọ pé mo ní kí àwọn ọmọ máa wọ ibi tó wù wọ́n, kò ka lẹ́tà náà délẹ̀.

3. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ wo bí ògiri yìí ṣe lanu tó. Mo yí ilé náà po ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró sí ojú ọ̀nà àti inú ọgbà tiwa, mo sì ya fọ́tò. Ilẹ̀kùn iwájú wà nílẹ̀ nínú pálọ̀, wọ́n fi ti àpò sìmẹ́ńtì tó ti gan. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, páànù kan ṣoṣo ni wọ́n fi okùn so mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ sì ti gbé e wó. Fèrèsé mẹ́ta ìsàlẹ̀ kò ní férémù, kò ní irin. Lápá ọ̀tún, ibi tí ọkọ̀ yanrìn gbà wọlé nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, wọ́n wó ògiri ọgbà, wọn kò sì mọ ọ́n padà. Kò sí pátákó ìkìlọ̀ kankan. Kò sí ọlọ́dẹ. Láti ìgbà tí onílé àti agbaṣẹ́ṣe ti jà lórí owó, kò sí ẹni tó mú àgádágodo kan wá síbẹ̀.

Ilé tí èèyàn ń gbé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń sọ fún ọmọdé pé kó dúró. Ilé tí wọ́n ń tún ṣe yàtọ̀. Òkìtì yanrìn wà níwájú rẹ̀, àtẹ̀gùn wà nínú rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń lé wọn kúrò lórí rẹ̀, ó ní ihò tí ohùn ń ró padà nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọdé ń wá kiri ló wà níbẹ̀. Àwa àgbà náà, bí a bá rí ilé tó ṣí sílẹ̀ báyìí, ṣé a kì í yọjú wò ó? Mo ti rí ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ yín tí wọ́n wọ ibẹ̀ wo bí iṣẹ́ ṣe dé. N kò dá wọn lẹ́bi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ojú tí ó mú wọn wọlé náà ni ojú tí ó mú àwọn ọmọ wa wọlé.

4. Ohun tó wà nínú ilé náà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò tí ì mọ̀ ọ́n. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo lọ bẹ àgbà bíríkìlà kan àti oníṣẹ́ iná kan, wọ́n bá mi wò ó.

Èyí tó ba bíríkìlà náà lẹ́rù jù lọ kì í ṣe ìṣó. Ògiri tó gbé òkè dúró láàárín yàrá méjì ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti wó, wọ́n fẹ́ sọ yàrá méjèèjì di ọ̀kan. Kí dẹ́kìn má baà wálẹ̀, wọ́n fi igi mẹ́fà tì í láti ìsàlẹ̀, kó tó di pé wọ́n da bíìmù síbẹ̀. Wọn kò da bíìmù náà kí ìjà tó dé. Igi mẹ́ta péré ló kù níbẹ̀ báyìí. Ẹnì kan ti wá kó mẹ́ta lọ. Bíríkìlà náà kò jẹ́ kí n kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Ó na ọwọ́ sí òkè, ó fi ìlà tó là láti igun kan dé ìkejì hàn mí, ó ní ìlà yẹn kì í ṣe ti àná, kò sì tí ì parí. Lábẹ́ ìlà yẹn, mo rí àwòrán ilé àti ọkọ̀ tí àwọn ọmọ yà sílẹ̀.

Ẹ bi mí léèrè ohun tí wọ́n fi yà á. Ègé síìlì tí wọ́n tú sílẹ̀ ni, ó funfun, ó rọrùn láti fi kọ nǹkan bíi ṣọ́ọ̀kì. Bíríkìlà náà ní ó jọ irú síìlì àtijọ́ tí wọ́n fi asbestos ṣe, ìyẹn irú òkúta kan tó ní fọ́nrán bí òwú. Kò lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá òun ni lóòótọ́, àyẹ̀wò ló máa fi hàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣe àyẹ̀wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé kò sí irú asbestos kankan tí kì í fa àrùn jẹjẹrẹ. Eruku rẹ̀ ni èèyàn ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀ sì lè má fara hàn títí di ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dà àtijọ́ tí wọ́n fá lára ògiri náà ńkọ́? Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni wọ́n fòfin de ọ̀dà olójèé nínú ilé gbígbé. Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé tí a mọ̀ tí kò lè pa èèyàn lára, àti pé òjé tó bá gba ẹnu ọmọdé wọlé, ara rẹ̀ ń fà á mu ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ọmọdé tó ń ṣeré nílẹ̀ a máa fi ọwọ́ sẹ́nu.

Oníṣẹ́ iná fi tẹ́sítà kan wáyà kan tó yọ lára ògiri ní ìwọ̀n èjìká ọmọ mi. Ó tàn. Oṣù méje ni wáyà oníhòòhò yẹn fi wà níbẹ̀ pẹ̀lú iná nínú rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó rántí gé e láti orí òpó.

Lẹ́yìn ilé, wọ́n gbẹ́ kòtò sọ́kàwéè tuntun, wọn kò dé e. Òjò ti kún un. Ewé gbígbẹ bo ojú omi náà tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ilẹ̀ ni. Mo ju òkúta kan sí i kí n tó mọ̀ pé omi ni.

Ní ti ìṣó, nọ́ọ̀sì tó gún ọmọ mi lábẹ́rẹ́ là mí lójú sí nǹkan kan tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí gbọ́. Kì í ṣe dídógùn-ún irin ló ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì. Kòkòrò tó wà nínú erùpẹ̀, nínú eruku àti ìgbẹ́ ẹran ni, ìṣó kàn ń gbé e wọ inú ẹran ara jìnnà ni. Ìṣó tuntun tó ń dán lè ṣe é. Àìsàn náà lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 21, nígbà tí ojú egbò ti lè jiná tí gbogbo ilé sì ti gbàgbé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

5. Àwọn ọmọ nìkan kọ́ ló ń wọ ibẹ̀, àwọn lẹ ṣáà dárúkọ. Ta ló kó igi mẹ́ta lábẹ́ dẹ́kìn? Kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ta ló fa wáyà inú ògiri òkè yọ torí bàbà tó wà nínú rẹ̀, tó sì gé páìpù omi? Lálẹ́, a máa ń rí iná tọ́ọ̀ṣì nínú ilé náà. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ti ń gba òdìkejì ọ̀nà kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnì kan dáná nínú yàrá ẹ̀yìn. Eérú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ọ̀dà tó kù díẹ̀.

Gbogbo èyí, ìwé yín kò kàn án. Ẹ fi ètè sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Mo tún fẹ́ kí onílé fúnra rẹ̀ gbọ́ èyí, bí lẹ́tà yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ilé tó ṣí sílẹ̀ kì í ṣe ewu fún àwa nìkan. Ohun tí wọ́n ti jí kó nínú ilé yín ju owó páńkó tí ẹ bá fi dí fèrèsé lọ. Bí ẹ bá sì ní ìwé adójútòfò lórí ilé náà, ẹ lọ tún un kà dáadáa: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni kì í san owó olè tàbí ti ìbàjẹ́ mọ́ bí ilé bá ti ṣófo ju 30 ọjọ́ tàbí 60 ọjọ́ lọ, pàápàá bí wọn kò bá tì í.

6. Ọ̀kan nínú yín sọ fún ọkọ mi pé, “Ẹni tó wọlé láìgbàṣẹ, ohun tó bá rí níbẹ̀, kó gbà á.” Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn adájọ́ ti rò ó rí, wọ́n sì ti kọ̀ ọ́.

Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1873, ẹjọ́ ọmọ kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́fà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ó lọ ṣeré lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ọkọ̀ ojú irin padà, ẹ̀rọ náà sì run ún lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ rélùwéè ni, kò gbàṣẹ. Ṣùgbọ́n wọn kò ti ẹ̀rọ náà, ohun tí ì bá dá a dúró sì ti kán. Ilé ẹjọ́ dá ọmọ náà láre. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbà. Lọ́dún 1929, nígbà tí ẹ̀rọ ibi ìwakùsà kan ní Scotland pa ọmọ ọdún mẹ́rin, àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ́nù sọ pé ẹni tó wọ ilẹ̀ onílẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ kankan lọ́rùn onílẹ̀, àfi kí onílẹ̀ má mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é léṣe. Lọ́dún 1972, ilé ẹjọ́ kan náà pa dà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló gba ibi tí ọgbà ti wó kọjá, ó já sórí irin rélùwéè tó ní iná mànàmáná, ó sì fara pa gidigidi. Wọ́n ti sọ fún ọ̀gá ibùdókọ̀ ṣáájú pé àwọn rí ọmọdé lórí irin náà. Kò sẹ́ni tó tún ọgbà náà ṣe. Àwọn adájọ́ ní ó kéré tán, ojú àánú tí ọmọ ènìyàn fi ń wo ọmọnìkejì rẹ̀ yẹ kó mú wọn tún un ṣe. Lọ́dún 1984, ilé aṣòfin wọn sọ ọ́ di òfin.

Ẹ̀yin náà, mo ti sọ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ìwé méjèèjì wà lọ́wọ́ akọ̀wé yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ wọ́n.

Bí ẹ bá sì ń rò pé kí ẹ kàn gbé pátákó síbẹ̀, èyí náà ti ní ìtàn. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ọkọ̀ ojú omi tí ẹnì kan pa tì sórí ilẹ̀ wọn, igi rẹ̀ ti jẹrà. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọn kò gbé e kúrò. Ọmọkùnrin méjì tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n fi jáàkì gbé e sókè, ó sì wó lu ọ̀kan nínú wọn, ó ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Ẹjọ́ náà dé òkè pátápátá lọ́dún 2000, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ náà lẹ́bi. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ nǹkan tó lè pa ọmọ kò gba ọmọ náà là.

Mi ò sọ pé òfin wọn ni òfin wa. Ìrònú tó wà nínú rẹ̀ ni mo gbé wá, nítorí ó bọ́gbọ́n mu níbi gbogbo tí ọmọdé bá wà: ẹni tó mọ̀ pé ewu wà, tó mọ̀ pé ọmọdé ń débẹ̀, tó sì ní agbára láti dí ibẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà.

7. Ìwé yín yìí, ewu ló máa dá kún ewu. Èyí ló dùn mí jù lọ, òun náà ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí lálẹ́ tí gbogbo ilé ti sùn.

Ọmọ mi ti mọ̀ nísinsìnyí pé bí ọwọ́ bá tẹ òun, owó máa jáde lápò ìyá òun, ọlọ́pàá sì lè wá. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀lù á tún wọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ọ̀kan nínú wọn á tún wọlé lọ mú un. Bí ìṣó bá gún ìyẹn, ṣé á wá sọ nílé? Á nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nù, á wọ ìbọ̀sẹ̀ bò ó, á ní òun kọsẹ̀ ni. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé ọjọ́ 3 sí 21 ni tẹ́tánọ́ọ̀sì fi ń sá pamọ́. Òbí tí kò mọ̀ pé ìṣó gún ọmọ òun kò ní gbé e lọ gbabẹ́rẹ́. Bí ọmọ kan bá sì ṣubú sínú kòtò ẹ̀yìn ilé, àwọn tó bá a wọlé, ṣé wọ́n á ké pe àgbàlagbà, àbí wọ́n á sá lọ ilé kí wọ́n má baà mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ohun tó jẹ́ kí n tètè débẹ̀ ni pé àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi sáré wá pè mí. Ìwé yín kò tí ì jáde nígbà náà.

8. Ohun tí mo ń béèrè nìyí, èmi àti àwọn òbí tó fọwọ́ sí ìwé tí mo fi ṣọwọ́ sí akọ̀wé.

Kí ẹ yọ ìwé náà kúrò lára géètì wa, kí ẹ sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ tó sọ fún àwọn ọmọ ní kedere pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣèṣe nínú ilé yẹn, kí wọ́n wá pe àgbàlagbà, kò sẹ́ni tó máa fìyà jẹ wọ́n torí pé wọ́n pè é. Èyí kò gba owó, kò gba ìpàdé. Ẹ lè ṣe é lọ́la.

Kí ẹ kọ̀wé sí onílé, níbikíbi tó bá wà, kí ẹ fún un ní ọjọ́ méje. Láàárín ọjọ́ méje yẹn, kí wọ́n fi páńkó dí gbogbo ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé ìsàlẹ̀, kí wọ́n mọ ògiri ọgbà padà, kí àgádágodo wà ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, kí kọ́kọ́rọ́ kan sì wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ nítorí iná tàbí ìjàǹbá. Kí wọ́n gé iná láti orí òpó. Kí wọ́n dé kòtò ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ohun tí ọmọdé kò lè gbé. Páànù kò tó. Ní ti dẹ́kìn tó ti là yẹn, ẹnjiníà ni kó wò ó kí ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn òṣìṣẹ́, tó tún dúró lábẹ́ rẹ̀. Ìjà onílé àti agbaṣẹ́ṣe kò kàn wá. Ẹni tó bá jàre lórí owó, kí ó jàre níbòmíràn, ilé náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ tì.

Bí onílé kò bá dáhùn lẹ́yìn ọjọ́ méje, kí ẹ̀yin fúnra yín gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé kíkọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé náà hàn wá.

Kí ẹ ṣe òfin kan fún ọjọ́ iwájú, pé ẹni tó bá fẹ́ tún ilé ṣe ní àdúgbò yìí, kí ó tó yọ ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, kí ó ti sọ fún yín ohun tó máa fi dí ẹnu ọ̀nà náà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kò bá lọ. Ilé méjì mìíràn ń bọ̀ lọ́nà báyìí, ẹ mọ̀ wọ́n.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ bá wa wá ibì kan tí àwọn ọmọ lè ti máa gbá bọ́ọ̀lù. Mo mọ̀ pé èyí lè pẹ́.

Àwa òbí mẹ́fà ti kó páńkó jọ, a sì ti rí káfíńtà tó gbà láti kàn án lọ́fẹ̀ẹ́. A ti ṣe tán láti dí ilé náà lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dá wa dúró ni pé ilé onílé ni, a kò sì fẹ́ kan páńkó mọ́ ọn láìgbàṣẹ. Ẹ bá wa gba àṣẹ náà lọ́wọ́ onílé, tàbí kí ẹ bá wa débẹ̀ lọ́jọ́ náà kí a jọ kàn án. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ti ń jiná. Mò ń retí èsì yín kí ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá ọmọ tí ìṣó gún